Ewé Igbó Lẹ́nu Àwọn Tí Ń Wá Ìbò

Ìlú Anyama wà ní ìhà àríwá Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kò níí gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀, nítorí pé ní pápá ìṣeré ńlá Ebimpé, tó wà ní abẹ́ Anyama, ni Côte d'Ivoire ti fi góòlù méjì sí ẹyọ kan borí Nàìjíríà ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024, tí wọ́n sì gbé ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó máa ti ìtorí bọ́ọ̀lù dárúkọ Anyama, obì ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó gbànja jọ sí láti inú igbó ẹgàn, kí ọkọ̀ tó kó o lọ sí Mali, Burkina Faso àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tó wà ní etí aṣálẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá, àgàgà àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n ti ń ṣòwò káàkiri Abidjan láti ayé àwọn Faransé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé iyì obì fún wọn. Òun ni wọ́n fi ń sọ ọmọ lórúkọ, òun ni wọ́n fi ń gbé ìyàwó; awakọ̀ òru a sì máa jẹ ẹ́ kí oorun má baà gbé e lọ.

Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ ẹlẹ́rù obì dúró lójú títì, olówò rẹ̀ kò níí bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n nítorí obì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tú apẹ̀rẹ̀ kan wò, tí wọ́n bá ewé igbó ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹjọ́ nìyẹn. Obì ń tají ara. Ewé igbó ń pa ènìyàn bí ọtí. Agbára wọn kò dọ́gba, ewu wọn kò sì rí bákan náà. Síbẹ̀, kì í ṣe ewéko ló kọ òfin. Ènìyàn ló kọ ọ́, ènìyàn ló sì lè tún un kọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olùdíje bá ń ti ìlú dé ìlú láti wá ìbò, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí ará ìlú máa bi wọ́n: níbo ni wọ́n dúró sí lórí òfin ewé igbó? Ìtàn ìbéèrè yìí ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò sì kéré.

Ní ọdún 1925, ní ìlú Geneva, ni àwọn orílẹ̀-èdè ti kọ́kọ́ fi ewé igbó kún àwọn oògùn olóró tí ayé gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Ní 1935, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin oògùn olóró ti Nàìjíríà. Nígbà náà, àwọn tó mọ ewé igbó láàárín ará ìlú kò pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé àwọn ọmọ ogun tó ti India àti Burma bọ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni wọ́n kó ìlò rẹ̀ wálé. Nígbà tó fi máa di 1964, ọ̀rọ̀ náà ti débi pé Dókítà Tolani Asuni ti ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Àró, Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí ìṣòro tí ewé náà ń dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá. Ìwádìí oníṣègùn ni, a sì máa fẹ́ kí aláṣẹ fara balẹ̀. Ìfarabalẹ̀ náà kò wá sáyé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1966 ni àwọn ológun gba ìjọba. Kí ọdún náà tó parí, dìkírì kọkàndínlógún ti jáde lórí ewé igbó. Ẹni tó bá gbìn ín lè kú. Bí kò bá kú, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mọ́kànlélógún. Ẹni tó bá mu ún, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ló ń dúró dè é. Kò sí ilé ìgbìmọ̀ kankan tó jíròrò òfin yìí, kò sì sí àgbẹ̀ tí wọ́n bi léèrè. Ní 1975, ìjọba ológun mìíràn tún dé, òun náà sì yí òfin ọ̀hún padà: ìdájọ́ ikú kúrò, ìyà ẹni tó mu igbó sì wálẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn igba náírà. Ẹ wo bí àlàfo náà ti tóbi tó. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, ohun kan náà tí ọmọkùnrin kan ìbá tìtorí rẹ̀ lo ọdún mẹ́wàá ní àtìmọ́lé di ohun tí ó lè fi igba náírà wẹ̀ mọ́. Kì í ṣe ewé ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ará ìlú ló dìbò fún líle òfin náà tàbí fún dídẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ológun ń múra àti gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1978, ẹnì kan jáde tí gbogbo ayé mọ ibi tó dúró sí lórí ewé igbó. Fela Aníkúlápó-Kuti ni, ọmọ Abẹ́òkúta, olórin. Ní 1974, ọlọ́pàá ti mú un nítorí ewé náà, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọrin. Fela dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun yóò du ipò ààrẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àjọ elétò ìdìbò ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó yege, márùn-ún péré ni: UPN, NPN, NPP, PRP àti GNPP. Ẹgbẹ́ Fela kò sí níbẹ̀. Awólọ́wọ̀, Shagari, Azikiwe, Aminu Kano àti Waziri Ibrahim ni wọ́n jọ du ipò náà ní 1979. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iṣẹ́ àgbẹ̀, ilé gbígbé àti bí wọn yóò ti pín owó ìjọba.

Àwọn ológun padà sórí àlééfà ní òpin 1983, líle òfin sì padà pẹ̀lú wọn. Lábẹ́ dìkírì ogún ti 1984, ìjọba Ọ̀gágun Buhari fi ikú sí orí òwò oògùn olóró. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Kirikiri, Èkó. Ọ̀rọ̀ tiwọn kì í ṣe ti ewé igbó. Kokéènì àti herọ́ìnì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dun ará ìlú jù ni pé wọ́n ṣe òfin náà kó máa bá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn jà. Igbe tó ta kò ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Babangida fi sọ ikú náà di ẹ̀wọ̀n gbére ní 1986. Ní 1989, dìkírì kejìdínláàádọ́ta dá àjọ NDLEA sílẹ̀, òun ló sì ń gbógun ti oògùn olóró títí di òní.

Báyìí ni Nàìjíríà ṣe dé ọdún 1999, tí ìjọba alágbádá padà. Òfin ewé igbó tó bá lọ́wọ́, àwọn amúnisìn àti àwọn ológun ló kọ ọ́ fún un. Ẹni tó bá rò pé àwọn tí ará ìlú fi ìbò yàn yóò tètè jókòó tì í, ìrètí rẹ̀ já sí asán. Olùdíje kì í fẹ́ fọwọ́ kan ohun tó lè mú kí ìyálọ́jà, pásítọ̀ àti lemọ́mù jọ yẹra fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe ọdún mẹ́jọ lórí oyè, láti 1999 sí 2007. Ní 2013 ni Kofi Annan pe ìgbìmọ̀ kan jọ lórí oògùn olóró ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ọbásanjọ́ sì ni alága rẹ̀. Nígbà tí ìwé ìgbìmọ̀ náà jáde ní Dakar ní oṣù kẹfà ọdún 2014, ó là á mọ́lẹ̀ pé kí ìjọba má ṣe sọ ẹni tó ń lo oògùn, tàbí tí ìba díẹ̀ wà lápò rẹ̀, di ọ̀daràn mọ́. Aláìsàn ni kí wọ́n kà á sí, kí wọ́n sì dojú ogun kọ àwọn oníṣòwò ńláńlá. Ìmọ̀ràn àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹni tí kò tún wá ìbò mọ́ ló gbà á.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn olùdìbò Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí olùdíje fún ipò ààrẹ, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìdìbò, ni Ọmọ́yẹlé Ṣówòrẹ́ ti ẹgbẹ́ AAC. Ní òpin 2018, ó sọ ní gbangba pé ewé igbó tó dára jù lọ wà lára èyí tó ń hù ní Èkìtì, pé àwọn ilẹ̀ òkèèrè ń fi í pa òbítíbitì owó, nígbà tí ọlọ́pàá Nàìjíríà ń dáná sun oko rẹ̀. Ó ní òun yóò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè máa tà á sí òkèèrè. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bú u. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ìbò 33,953 ló rí, nígbà tí ìbò Buhari tó wọlé lé ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ewé igbó nìkan ló fa èyí, nítorí pé ẹgbẹ́ kékeré ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n olóṣèlú tó ń wò ó láti òkèèrè yóò ti rí ìdí láti pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìbò náà ni ohun tí kò sí ẹni tó retí rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti ìpínlẹ̀ Òǹdó, àgbà amòfin, àti alága àjọ NDLEA ìgbà náà, jọ gbéra lọ sí Thailand ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 láti lọ wo bí wọ́n ti ń gbin ewé igbó fún ìṣègùn. Gómìnà kò fi bò. Ó ní gbogbo ayé mọ̀ pé Òǹdó ni ojúkò ewé igbó ní Nàìjíríà, àti pé ọjà rẹ̀ tó bófin mu ní àgbáyé yóò tó bílíọ̀nù 145 owó dọ́là ní 2025. Kí ló dé tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò fi níí jẹ nínú rẹ̀? Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá kan ní Àkúrẹ́ lórí rẹ̀, Benjamin Kalu, tó jẹ́ agbẹnusọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kékeré nígbà náà, sì wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà náà, alága àjọ NDLEA ti yí padà. Ọ̀gágun Buba Marwa, tó ti ṣe alákòóso ìpínlẹ̀ Èkó láyé ológun, ti gba ipò náà ní oṣù kìíní ọdún 2021, ó sì ta kò ó pátápátá. Ó yẹ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ìwádìí tí ìjọba àti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ṣe, tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, fi hàn pé ènìyàn bíi 14.3 mílíọ̀nù ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, àti pé 10.6 mílíọ̀nù nínú wọn ló lo ewé igbó. Ilé ìwòsàn tí wọ́n lè gbà wọ́n sí kò tó nǹkan. Marwa ní orílẹ̀-èdè tí iye yìí ti ń mu igbó nígbà tí òfin dè é, ó yẹ kó ronú dáadáa kó tó tú okùn náà. Ìyá tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́ ní ìta yóò gbè sẹ́yìn Marwa láìjanpata. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn sẹ́nétọ̀ tilẹ̀ dìbò pé kí ìyà àwọn tó ń fi oògùn olóró ṣòwò tún padà di ikú.

Ní òdìkejì, ìyá mìíràn wà tó ń gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ìdì kékeré kan tí wọ́n bá lápò ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá jáde, kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ mọ́. Ìyá méjèèjì yìí ni òfin ń bá wí, àwọn méjèèjì ló sì ní ìbò.

Nàìjíríà nìkan kọ́ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní Kenya, George Wajackoyah du ipò ààrẹ ní 2022. Ó ní ewé igbó ni òun yóò tà sí òkèèrè láti fi san gbèsè orílẹ̀-èdè. Èrò rọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n kọrin fún un; ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka ìbò, 61,969 ló rí, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Gúúsù Áfíríkà, ilé ẹjọ́ ló kọ́kọ́ sọ ní 2018 pé àgbàlagbà lè mu ún nínú ilé ara rẹ̀. Ó di ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2024 kí Ààrẹ Ramaphosa tó fọwọ́ sí òfin rẹ̀, nígbà tí ìdìbò gbogbogbò ku ọ̀la. Ní Canada, olùdíje ńlá ló ṣèlérí rẹ̀ kí ìbò tó dé: Justin Trudeau sọ ọ́ ní 2015, ó wọlé, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2018.

Ìtàn Ghana ló yẹ kí àwọn olóṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ́ jù. Lábẹ́ òfin 1990 ti ilẹ̀ náà, ẹni tí wọ́n bá oògùn olóró lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe ẹ̀wọ̀n tó dín ní ọdún mẹ́wàá. Ní 2020, ilé aṣòfin ṣe òfin tuntun: owó ìtanràn rọ́pò ẹ̀wọ̀n fún àwọn tó ń lò ó, abala kẹtàlélógójì sì fún mínísítà láyè láti fún àwọn kan ní ìwé àṣẹ kí wọ́n gbin irú èyí tí èròjà tí ń pani bí ọtí kò pọ̀ nínú rẹ̀, fún ìṣègùn àti fún ilé iṣẹ́. Ẹnì kan gbé abala yìí lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ. Ní oṣù keje ọdún 2022, adájọ́ mẹ́rin nínú méje wọ́gi lé e. Wọn kò ní ewé igbó burú tàbí pé ó dára. Ohun tí wọ́n wí ni pé àwọn aṣòfin ti abala náà wọlé láìjíròrò rẹ̀, láìsì ṣàlàyé rẹ̀ fún ará ìlú bí òfin ti là á kalẹ̀. Ní 2023, ilé aṣòfin ní láti padà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó ṣe é bó ti yẹ. Ohun tí wọ́n gbà lẹ́yìn ilé, iwájú ilé ni wọ́n padà wá sọ ọ́.

Côte d'Ivoire náà ti rìn díẹ̀. Òfin tí ilẹ̀ náà ń lò láti 1988 le gan-an sí ẹni tó ń lò ó àti ẹni tó ń tà á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, òfin tuntun dé, ó sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: adájọ́ lè ní kí ẹni tó ń lo oògùn lọ gba ìtọ́jú dípò kí ó máa rà nínú ẹ̀wọ̀n, àwọn oníṣòwò rẹ̀ ni òfin ṣì dojú kọ. Ṣùgbọ́n títú ewé igbó sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé dìbò ní Vienna ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 2020 pé kí wọ́n yọ ewé igbó kúrò láàárín àwọn oògùn tó burú jù lọ, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gbà á, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kọ̀ ọ́, ọ̀kan kò dá sí i. Côte d'Ivoire, Nàìjíríà àti Togo wà lára àwọn tó kọ̀.

Kí ni kí olùdìbò wá mú nínú gbogbo èyí? Àkọ́kọ́, kí ó má ṣe jẹ́ kí olùdíje pa nǹkan mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan. Kí ewé igbó di oògùn nílé ìwòsàn, ọ̀tọ̀ ni. Kí àgbẹ̀ gbin irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe okùn àti aṣọ, ọ̀tọ̀ ni. Kí ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ẹni tí ìba díẹ̀ wà lápò rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni máa tà á lójú ọjà bí obì, ọ̀tọ̀ ni pátápátá. Ẹni tó gba èkíní lè kọ ẹ̀kẹrin, kò sì sí irọ́ nínú rẹ̀. Olùdíje tó bá ní òun "fara mọ́ ọn" tàbí òun "kò fara mọ́ ọn", tí kò sọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò tíì sọ nǹkan kan.

Èkejì, kí ó bi olùdíje pé ta ni yóò jèrè. Bí ìwé àṣẹ bá dé, ṣé àgbẹ̀ Òǹdó tí wọ́n ti ń dáná sun oko rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ni yóò rí i gbà ni, àbí olówó tó ti òkèèrè wá? Bí òfin bá sì ń le sí i, ilé ìwòsàn mélòó ni yóò wà fún mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn tí ìwádìí kà? Ẹ̀wọ̀n kì í wo àrùn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ kì í tọ́ ọmọ.

Òfin ewé igbó ti le, ó ti dẹ̀, ó sì ti tún le ní Nàìjíríà láti 1966, kò sì sí ìgbà kankan nínú rẹ̀ tí ará ìlú fi ìbò sọ èrò wọn. Ìgbà ológun ti kọjá. Bí àwọn olùdíje bá ṣì ń sá fún ọ̀rọ̀ náà, àwọn olùdìbò ni kí wọ́n pè wọ́n padà sídìí rẹ̀, kí ọjọ́ ìbò tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ òfin tí yóò rán ọmọ ọlọ́mọ lẹ́wọ̀n, tàbí tí yóò dá a sílẹ̀, gbèsè àlàyé wà lọ́rùn rẹ̀.